Bí Kòkòrò Ọ̀dàn Ṣe Kọ́ Láti Fara Pamọ́

Ọgbọ́n ìfarapamọ́ ti wà láyé kí ènìyàn tó dé. Ní Spain, inú oje igi tó ti di òkúta láti bí 110 mílíọ̀nù ọdún sẹ́yìn ni wọ́n ti bá ọmọ kòkòrò kan tó di pàǹtí ewéko sẹ́yìn. Ní Jámánì, wọ́n wú òmíràn tó jọ ewé gẹ́lẹ́, ó sì ti lé ní 40 mílíọ̀nù ọdún.

Nílẹ̀ tiwa, koríko ló yí ìtàn náà padà. Bí ọ̀dàn ṣe ń gbòòrò ní Áfíríkà ni iná ń jó o. Awọ koríko tó jóná ti wà nísàlẹ̀ ẹrẹ̀ Délítà Odò Ọya ṣáájú kí ẹnikẹ́ni tó mọ iná dá. Láti Ọ̀yọ́ dé Ògbómọ̀ṣọ́, ilẹ̀ a tutù yọ̀yọ̀ lásìkò òjò, a gbẹ nígbà ọyẹ́, a sì dúdú lẹ́yìn iná. Kòkòrò tí kò bá lè bá a yí, ẹyẹ ló ni ín.

Labalábá Bicyclus, aláwọ̀ ilẹ̀ tó ń fò nísàlẹ̀ igbó etí odò, ló dùn mọ́ mi jù. Èyí tó bá dàgbà lásìkò òjò ní àmì ńlá bí ẹyinjú létí ìyẹ́, kí ẹyẹ lè ṣá ibẹ̀ dípò ara rẹ̀. Ti ìgbà ẹ̀rùn kò fẹ́rẹ̀ẹ́ ní àmì kankan. Á bà sáàárín ewé gbígbẹ, ojú kò sì ní rí i. Òbí kan náà lè bí àwọn méjèèjì. Bí ojú ọjọ́ ṣe gbóná tó nígbà tó wà ní ìdin ló ń pinnu èyí tí yóò dà.

Ènìyàn náà dá kún iná ọ̀dàn. Láàárín ọdún 1830 sí 1840, Ọ̀yọ́-Ilé, olú ìlú Ọ̀yọ́ àtijọ́, tú. Aláàfin Àtìbà sọ Àgọ́ Ọ̀jà di Ọ̀yọ́ tuntun, ogunlọ́gọ̀ sì sá wọ Ògbómọ̀ṣọ́. Oko pọ̀ sí i, bẹ́ẹ̀ ni iná àgbẹ̀ àti ti ọdẹ. Àwọn onímọ̀ sì kíyè sí bí kòkòrò ṣe ń bá iná yí: Poulton, ọ̀jọ̀gbọ́n ní Oxford, kọ̀wé ní 1926 nípa àwọn kòkòrò Áfíríkà tó jọ ilẹ̀ tí iná jó. Ní 1951, onímọ̀ mìíràn, Burtt, fi hàn pé àgbà tata pàápàá lè dúdú lórí irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀, láìbọ́ awọ. Ìyanu gidi ni lójú mi.

Kì í ṣe gbogbo wọn ló ń sá pamọ́. Tata aláràbarà tó ń run ewé ẹ̀gẹ́ wa ń fi àwọ̀ rẹ̀ kìlọ̀ ni. Májèlé wà lára rẹ̀, ó sì ń rí kún un láti inú òdòdó ewé Akíntọ́lá, igbó àjèjì tó ti Amẹ́ríkà wá, tí a fi orúkọ ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́, Olóyè Ládòkè Akíntọ́lá, pè. Eṣú ní tirẹ̀ ń ṣe méjèèjì: tó bá dá wà, á bá koríko dọ́gba, tó bá di ọ̀wọ́, á yí àwọ̀ padà, kò ní bìkítà mọ́. Uvarov, onímọ̀ nípa kòkòrò, ló tú àṣírí yìí ní 1921, ọdún díẹ̀ kí eṣú tó bo Áfíríkà láti 1928 dé 1941.

Ẹ̀yin àgbẹ̀ àti ọdẹ Ọ̀yọ́ àti Ògbómọ̀ṣọ́, bí ẹ bá ń sun oko nígbà ẹ̀rùn, ẹ jọ̀wọ́, ẹ dá igbó etí odò sí. Nínú ewé gbígbẹ ibẹ̀ ni labalábá ẹ̀rùn ti ń dúró de òjò.