Afẹ́fẹ́ Inú Omi: Àgbéyẹ̀wò Ìtàn Ìmọ̀ nípa Ọ̀nà Àkúnwọ́sílẹ̀ Dáàmù ní Amẹ́ríkà

Ìfáárà

Dáàmù ńlá a máa ní ọ̀nà tí a fi ń tú omi tí ó bá pọ̀ jù sílẹ̀, kí omi má baà wó odi rẹ̀. Ohun tí ó jẹ wá lógún nínú àpilẹ̀kọ yìí ni bí àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ ṣe wá mọ ipa tí afẹ́fẹ́ ń kó nínú omi tí ó ń gba ọ̀nà bẹ́ẹ̀ kọjá. Ó rọrùn láti rò pé kọ̀ǹpútà ni ó tú àṣírí náà. A ó fi hàn pé dáàmù tí ó bàjẹ́ ni olùkọ́ àkọ́kọ́, àti pé ìṣirò kọ̀ǹpútà kò lè dá dúró láìsí ohun tí a wọ̀n lójú omi gan-an.

Ìbàjẹ́ àti Oògùn Rẹ̀

Bí omi tí ó ń sáré gidigidi bá kọjá lórí gegele kékeré lára kọnkéré, agbára tí omi fi ń tẹ nǹkan a dínkù níbẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí omi a fi di ooru láìsí iná lábẹ́ rẹ̀. Àwọn òfìfo kéékèèké a yọ nínú omi. Bí wọ́n bá dé ibi tí agbára náà ti tún pọ̀ sí i, wọn a wó lójijì, wọn a sì máa lu kọnkéré bí òòlù.

Ní ọdún 1941, irú ìlù yìí gbẹ́ kòtò tí ó jìn tó nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà 45 sínú ihò ìtúmi Dáàmù Hoover ní apá Arizona. Wọ́n dí kòtò náà, wọ́n sì dán ojú kọnkéré. Ní ọdún 1953, Peterka fi ìdánwò hàn pé bí afẹ́fẹ́ tí ó tó nǹkan bí ìdá 7 nínú 100 bá wà nínú omi, ìbàjẹ́ náà fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí mọ́, nítorí afẹ́fẹ́ a máa gba ìlù náà sára. Lẹ́yìn tí ihò ìtúmi Dáàmù Yellowtail ní Montana bàjẹ́ ní ọdún 1967, wọ́n la ojú ihò kan tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọ inú omi.

Síbẹ̀, nígbà tí àkúnya odò Colorado dé ní oṣù kẹfà ọdún 1983, àwọn ihò ìtúmi Dáàmù Glen Canyon kò ní irú ojú ihò bẹ́ẹ̀. Omi já kọnkéré, ó sì gbẹ́ àpáta abẹ́ rẹ̀ tó nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà 35. Pátákó ni wọ́n kọ́kọ́ tò sórí ilẹ̀kùn irin kí omi má baà borí rẹ̀. Lẹ́yìn àtúnṣe àti lílà ojú ihò afẹ́fẹ́, wọ́n dán ọ̀nà náà wò ní ọdún 1984, ó sì yege.

Àwòṣe Kékeré àti Kọ̀ǹpútà

Èéṣe tí àwòṣe kékeré inú ilé ìwádìí kò fi tó? A lè dín dáàmù kù, ṣùgbọ́n a kò lè dín bí awọ ojú omi ti le tó kù. Nítorí náà, afẹ́fẹ́ tí ń wọ omi inú àwòṣe kéré ju ti ojúlówó lọ.

Ní ọdún 1981, Hirt àti Nichols gbé ọ̀nà ìṣirò kan jáde. Wọ́n pín àyè sí àpótí kéékèèké, wọ́n sì fún ọ̀kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà: 0 bí kò bá sí omi níbẹ̀, 1 bí ó bá kún. Ọ̀nà yìí fi ojú omi hàn dáadáa, ṣùgbọ́n èyí tí ó bá kéré ju àpótí lọ nínú àwọn ìwúlé afẹ́fẹ́ kò hàn sí i. Òfin ìṣirò mìíràn ni a ní láti fi kún un, ohun tí a wọ̀n, irú èyí tí Straub àti Anderson tẹ̀ jáde ní ọdún 1958, ni a sì fi ń yẹ irú òfin bẹ́ẹ̀ wò.

Àgbálọgbábọ̀

Bí ọmọdé bá ṣubú, a wo iwájú. Bí àgbà bá ṣubú, a wo ẹ̀yìn. Nígbà tí Glen Canyon bàjẹ́, ìwádìí Peterka ti pé ọgbọ̀n ọdún. Kì í ṣe àìní ìmọ̀ ni ó fa ìbàjẹ́ náà, bí kò ṣe pé ìmọ̀ kò tíì dé ibi tí a ti nílò rẹ̀. Kọ̀ǹpútà lè mú ìṣirò yá. Kò lè mú kí a lo ohun tí a ti mọ̀.