Ẹ̀kọ́ Ọ̀fẹ́ àti Ìdánwò Rẹ̀

Nínú oṣù kìn-ín-ní ọdún 1955 ni ìjọba Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ dá ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ sílẹ̀ ní Ìwọ̀-Oòrùn Nàìjíríà, tí Ìbàdàn jẹ́ olú-ìlú rẹ̀. Ṣáájú èyí, ẹgbẹ́ Adégòkè Adélabú, tó lágbára nínú ìgbìmọ̀ ìlú ní Mápó, ti tako owó-orí ìjọba náà. Síbẹ̀, àwọn ọmọ iléèwé, tó lé ní 456,000 ní 1954, di 811,000 ó lé. Ọdún mẹ́jọ iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ di mẹ́fà. Ọ̀pọ̀ olùkọ́ kò sì gba ìdálẹ́kọ̀ọ́. Nígbà tí èsì ìdánwò ń jó rẹ̀yìn, ìjọba yan ìgbìmọ̀ Bánjọ ní 1960, èyí tó tẹnu mọ́ ìdálẹ́kọ̀ọ́ olùkọ́. Àṣẹ lè ṣí ilẹ̀kùn iléèwé lóòjọ́. Ọdún púpọ̀ ni a fi ń tọ́ olùkọ́ tí yóò mú ọmọ yege.