Ipa Ìròyìn Lórí Eré Àwárí-Àpótí: Láti Dartmoor Dé Ilẹ̀ Amẹ́ríkà

Ìfáárà

Àwọn Yorùbá bọ̀, wọ́n ní àwárí ni obìnrin ń wá nǹkan ọbẹ̀. Ohun tí òwe yìí ń kọ́ni ni pé ẹni tí ó mọ ìdí tí òun fi ń wá nǹkan kì í dẹ́kun títí yóò fi rí i. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, eré ìgbafẹ́ kan wà tí ó jẹ́ pé inú wíwá gan-an ni adùn rẹ̀ wà. Letterboxing ni orúkọ rẹ̀. Àwárí-àpótí ni àpilẹ̀kọ yìí yóò máa pè é. Ẹnì kan yóò fi àpótí kékeré pamọ́ sábẹ́ òkúta tàbí sí ìdí igi. Ìwé àlejò àti òǹtẹ̀ kan ni yóò wà nínú rẹ̀. Yóò sì fi atọ́ka sílẹ̀ fún àwọn tí yóò wá a. Ẹni tí ó bá rí i yóò fi òǹtẹ̀ tirẹ̀ lu ìwé inú àpótí, yóò fi òǹtẹ̀ inú àpótí lu ìwé tirẹ̀, yóò sì dá àpótí náà padà sí ibi tí ó ti mú un.

Eré tí ó dúró lórí ìpamọ́ ni èyí. Kí ni ó wá ń ṣẹlẹ̀ sí i nígbà tí ìwé ìròyìn bá pariwo rẹ̀ fáyé gbọ́? Àwọn kan gbà pé bí ariwo bá ti pọ̀, eré bàjẹ́ nìyẹn. Àwọn mìíràn gbà pé ìpolówó ọjà ni àgúnmu òwò. Àpilẹ̀kọ yìí tọ ipasẹ̀ ìtàn eré náà láti fi hàn pé ọwọ́ àwọn tí ó ń ṣeré ni ọ̀rọ̀ wà: bí wọ́n bá mọ ohun tí ó yẹ ní sísọ yàtọ̀ sí ohun tí ó yẹ ní pípamọ́, ìròyìn yóò sọ eré wọn di ńlá, kò sì ní pa á run.

Ìgò Perrott àti Àpótí Olókùúta

Dartmoor jẹ́ ilẹ̀ olókè gbalasa ní àgbègbè Devon, ní gúúsù-ìwọ̀-oòrùn ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Irà, àpáta àti ìkùukùu ni ó pọ̀ níbẹ̀. Ní ọdún 1854, James Perrott, afinimọ̀nà kan láti ìlú Chagford, gbé ìgò kan sí Cranmere Pool, ní àárín irà ìhà àríwá ilẹ̀ náà, kí àwọn àlejò tí ó bá mú dé ibẹ̀ lè máa fi káàdì wọn sínú rẹ̀. Ìrìn àárẹ̀ ni ìrìn ibẹ̀, ṣùgbọ́n ẹni tí yóò jẹ oyin inú àpáta kì í wo ẹnu àáké. Káàdì inú ìgò ni ẹ̀rí pé ẹni náà rin ìrìn náà ní tòótọ́. Nígbà tí ó yá, àwọn àlejò bẹ̀rẹ̀ sí í fi lẹ́tà tí wọ́n ti lẹ sítáàmpù mọ́ síbẹ̀. Ẹni tí ó bá dé lẹ́yìn wọn ni yóò mú un lọ sí ilé ìfìwéránṣẹ́. Ibẹ̀ ni orúkọ eré náà ti ṣẹ̀ wá. Ní ọdún 1905, wọ́n gbé ìwé àlejò síbẹ̀.

Ọdún 1937 ni ilé-iṣẹ́ ìròyìn kọ́kọ́ fi ọwọ́ ara rẹ̀ tún eré náà ṣe. Ìwé ìròyìn Western Morning News ṣagbátẹrù owó láti ọwọ́ àwọn ènìyàn, wọ́n sì fi òkúta kọ́ àpótí tuntun sí Cranmere Pool. Ní ọdún 1938, wọ́n ṣe ìrántí fún William Crossing, òǹkọ̀wé tí ó tẹ ìwé atọ́nà Dartmoor jáde ní ọdún 1909, sí Ducks' Pool ní ìhà gúúsù. Àpótí wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Àpótí méjèèjì yìí wọ inú máàpù ìjọba. Àṣírí ibi tí wọ́n wà tú pátápátá, síbẹ̀ eré náà kò bàjẹ́, nítorí pé irà àti ọ̀nà jíjìn ni kọ́kọ́rọ́ ibẹ̀. Kò sí ìwé ìròyìn tí ó lè bá ẹnikẹ́ni rin ìrìn náà.

Nígbà tí Èrò Pọ̀

Títí di àwọn ọdún 1970, àwọn àpótí tí ó wà ní gbogbo Dartmoor kò ju bíi 12 lọ. Lẹ́yìn èyí ni wọ́n di ẹgbẹẹgbẹ̀rún. Ìwé àti ọ̀rọ̀ ẹnu ló tan òkìkí náà kálẹ̀, ẹgbẹ́ tí wọ́n ń pè ní 100 Club, èyí tí ó gba ẹnikẹ́ni tí ó bá ti rí ó kéré tán àpótí 100, sì ń tẹ ìwé àkójọ atọ́ka jáde.

Èrè wà, òfò sì wà. Ọ̀pọ̀ ìdílé tí kì í rin orí òkè tẹ́lẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í rìn ín. Ṣùgbọ́n àwọn kan ń hú òkúta, wọ́n ń tú ògiri àgbẹ̀ wò, wọ́n sì ń dààmú àwọn ohun àbáláyé tí àwọn ará ìgbàanì fi sílẹ̀, lórí ilẹ̀ tí ìjọba ti kéde gẹ́gẹ́ bí National Park láti ọdún 1951. Ìdí nìyí tí òfin ìṣeré fi jáde: ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ gbé àpótí sínú ohun àbáláyé, kò gbọdọ̀ gbé e sí ibi eléwu, kò sì gbọdọ̀ fi sìmẹ́ńtì mọ ọ́n mọ́lẹ̀.

Àwọn aṣeré náà dá ọgbọ́n kejì. Wọn kò kọ gbogbo àpótí sínú ìwé àkójọ. Ẹnu sí ẹnu ni àwọn kan ń lọ. Gbogbo ilé ló ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ tí àlejò ń jókòó sí, ó sì ní ìyẹ̀wù tí àlejò kì í wọ̀. Àpótí inú ìwé àkójọ ni ọ̀dẹ̀dẹ̀. Àpótí ẹnu-sí-ẹnu ni ìyẹ̀wù.

Eré Náà Dé Ilẹ̀ Amẹ́ríkà

Ní oṣù Kẹrin ọdún 1998, ìwé àtìgbàdégbà Smithsonian ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà gbé àròkọ kan jáde lórí àwárí-àpótí ti Dartmoor. Àròkọ yìí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn kà sí orísun ìtànkálẹ̀ eré náà ní ilẹ̀ náà. Àwọn òǹkàwé tí kò lè dé Dartmoor gbé àpótí sínú igbó àti ọgbà ìgbafẹ́ àdúgbò tiwọn, wọ́n sì ń fi atọ́ka ránṣẹ́ sí ara wọn lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ọ̀pọ̀ nínú atọ́ka wọn dà bí àlọ́ àpamọ̀. Ọ̀nà kò jìn níbẹ̀ bí ti Cranmere Pool, nítorí náà àlọ́ ni wọ́n fi ṣe kọ́kọ́rọ́. Ẹ̀kọ́ pàtàkì ni èyí: àròkọ kan ṣoṣo lè gbin eré sí ilẹ̀ tuntun, ṣùgbọ́n àwọn tí ó gbà á ni yóò wá ọ̀nà tí ìpamọ́ yóò fi wà.

Àìgbọ́ Náà Léwu

Bí ariwo ṣe ní ewu ni ìdákẹ́jẹ́ ní ewu tirẹ̀. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 2000, eré tí ó jẹ́ àbúrò àwárí-àpótí bẹ̀rẹ̀ ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà. Geocaching ni wọ́n ń pè é, ẹ̀rọ tí ń gba ìsọfúnni láti ọ̀dọ̀ sátẹ́láìtì ni wọ́n sì fi ń wá ohun tí a pamọ́. Ní oṣù Keje ọdún 2011, ní ìlú Wetherby ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àwọn ará àdúgbò rí ọkùnrin kan tí ó fi nǹkan pamọ́ sí ẹ̀bá òpópónà. Ẹ̀rù bà wọ́n, wọ́n ké sí ọlọ́pàá. Àwọn ọmọ ogun tí ó mọ̀ nípa bọ́ǹbù dé, wọ́n sì fọ́ àpótí náà. Àpótí eré lásán ni. Bí àwọn ará ibẹ̀ bá ti gbọ́ nípa eré náà ṣáájú, ó ṣeé ṣe kí ẹ̀rù má bà wọ́n tó bẹ́ẹ̀.

Ìkádìí

Láti inú ìgò Perrott dé orí íntánẹ́ẹ̀tì, kò sí ìgbà tí òkìkí kò yí eré yìí padà. Òkìkí fún un ní àpótí olókùúta, ó fún un ní èrò, ó sì gbé e la òkun kọjá. Òkìkí kan náà ni ó kó àwọn tí ń hú òkúta wá. Ohun tí ó gbà á là ni òfin tí àwọn aṣeré gbà láti tẹ̀ lé, àti ìyẹ̀wù tí wọn kò ṣí sílẹ̀. Ẹ̀kọ́ tí ó wà nínú rẹ̀ fún akọ̀ròyìn kò le: kí ó sọ pé eré náà wà, kí ó sọ òfin rẹ̀ pẹ̀lú, kí ó sì fi ibi tí àpótí wà sílẹ̀ fún ẹni tí yóò wá a.