Ìdánimọ̀ Nínú Òwò: Láti Èésú dé Bitcoin

Láyé àtijọ́, ojúlùmọ̀ ni onígbọ̀wọ́ èésú. Bitcoin, tí ó bẹ̀rẹ̀ ní 2009, yàtọ̀: orúkọ fara sin, ṣùgbọ́n gbogbo ayé ń rí àkọsílẹ̀ ìnáwó. Ní oṣù Kejì 2021, Báńkì Àpapọ̀ Nàìjíríà pàṣẹ kí àwọn báńkì ti àkáǹtì àwọn oníṣòwò rẹ̀ pa. Òwò náà kò parẹ́. Àárín àjèjì sí àjèjì ni ó bọ́ sí. Báńkì náà dẹwọ́ ní oṣù Kejìlá 2023, ṣùgbọ́n láti 2014 ni BVN ti ń so àkáǹtì mọ́ ẹni tí ó ni ín. Bí ọ̀dọ́ Ìkọ̀tún kan bá ta Bitcoin fún àjèjì tí ó fi owó jìbìtì sanwó, àkáǹtì tirẹ̀ ni ọlọ́pàá yóò kọ́kọ́ rí. Ó yẹ kí olùkọ́ là á yé akẹ́kọ̀ọ́: fífi orúkọ pamọ́ kì í ṣe ààbò, mímọ ẹni tí a ń bá dòwò pọ̀ ni.