Ìmúrasílẹ̀ àti Ìtẹ́wọ́gbà Ẹ̀kọ́ Ọ̀nà Jíjìn láàrin Àwọn Akẹ́kọ̀ọ́ Oyè Kejì ní Òṣòdì àti Ìsọlọ̀

Ìfáàrà
Nínú ìkànìyàn ọdún 2006, èèyàn 621,509 ni wọ́n kà ní ìjọba ìbílẹ̀ Òṣòdì-Ìsọlọ̀ ní Ìpínlẹ̀ Èkó. Òṣìṣẹ́ àti oníṣòwò ló pọ̀ jù níbẹ̀, àwọn tó bá sì fẹ́ gba oyè kejì nínú wọn kò lè tìtorí ìwé fi iṣẹ́ sílẹ̀. Ohun tí àpilẹ̀kọ yìí fẹ́ fi hàn ni pé irú wọn ń tẹ́wọ́ gba ẹ̀kọ́ ọ̀nà jíjìn kí ìmúrasílẹ̀ tó dé, àti pé ọwọ́ yunifásítì ni ojútùú àìmúrasílẹ̀ yìí wà ju ọwọ́ akẹ́kọ̀ọ́ lọ.

Ìtàn rẹ̀ ní ṣókí
Ẹ̀kọ́ ọ̀nà jíjìn kì í ṣe tuntun l'Ékòó. Ọdún 1974 ni Yunifásítì Èkó ti dá ẹ̀ka ẹ̀kọ́ onílẹ́tà sílẹ̀. Ìjọba Ṣàgárì dá yunifásítì ẹ̀kọ́ ọ̀nà jíjìn ti orílẹ̀-èdè, National Open University of Nigeria (NOUN), sílẹ̀ ní 1983, ìjọba ológun tì í pa ní 1984, ìjọba Ọbásanjọ́ ló sì jí i dìde tó fi padà bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 2002. Àwọn kan sì máa ń fojú kéré ìwé ẹ̀rí rẹ̀. Títí di ìgbà tí wọ́n ṣàtúnṣe òfin NOUN ní 2018, àwọn tó kẹ́kọ̀ọ́ òfin níbẹ̀ kò rójú ọ̀nà wọ Law School, ilé-ẹ̀kọ́ tí èèyàn gbọ́dọ̀ gbà kọjá kó tó di agbẹjọ́rò.

Ìtẹ́wọ́gbà
Ní 1989, Fred Davis ṣàlàyé pé ohun méjì ló ń mú èèyàn gba ẹ̀rọ tuntun: kó rí i pé ó wúlò, kó sì rí i pé kò nira. Ìwúlò ti hàn kedere. Ẹni tó ṣíwọ́ iṣẹ́ ní Ìsọlọ̀ ní agogo márùn-ún, tó sì ń lọ sí Yunifásítì Èkó ní Akọkà tàbí tó ń gba Mile 2 lọ sí yunifásítì ìpínlẹ̀ (LASU) ní Ọ̀jọ́, lè bá ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ní ìparí nítorí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ. Ìséde kòrónà ní 2020 àti ìyanṣẹ́lódì ẹgbẹ́ àwọn olùkọ́ yunifásítì (ASUU) tó gba oṣù mẹ́jọ ní 2022 tún jẹ́ kí ọ̀pọ̀ rí i pé kíláàsì ojúkojú náà lè dá dúró.

Ìmúrasílẹ̀
Níbi ìrọ̀rùn, ohun kejì tí Davis sọ, ni ìṣòro wà. Fóònù tó fún gbígbọ́ ìdánilẹ́kọ̀ọ́, àmọ́ kò rọrùn láti fi kọ iṣẹ́ ìwádìí olójú-ewé ọgọ́rùn-ún. Kọ̀ǹpútà nílò iná. Owó epo jẹnẹrétọ̀ sì ti fò sókè láti ìgbà tí ìjọba ti yọ owó ìrànwọ́ epo ní 2023. Dátà náà gbówó lórí sí i ní 2025. Ju gbogbo rẹ̀ lọ, oyè kejì kò ṣeé ṣe láìsí alábòójútó tó ń ka orí iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan, tó sì ń dá a padà lásìkò.

Àbá
Kí yunifásítì fi gbèdéke sí iye ọjọ́ tí alábòójútó lè fi ka iṣẹ́ akẹ́kọ̀ọ́. Kí wọ́n fi ìdánilẹ́kọ̀ọ́ síta ní ohùn tí kò jẹ dátà púpọ̀, kí wọ́n sì kọ́ àgbà akẹ́kọ̀ọ́ ní lílo kọ̀ǹpútà kí ẹ̀kọ́ tó bẹ̀rẹ̀. Kí ìjọba ìbílẹ̀ kọ́ yàrá ìkàwé oníná oòrùn sí Òṣòdì àti Ìsọlọ̀. Ẹni tó ṣiṣẹ́ lọ́sàn-án, tó tún ń kàwé lóru, ti ṣe ipa tirẹ̀. Ẹ̀tọ́ rẹ̀ ni kí ilé-ẹ̀kọ́ tó gba owó rẹ̀ ṣe tiwọn.