Lẹ́tà "p" inú Kọ́bapẹ́

Orúkọ ìlú kan ni mo fẹ́ kí a jọ yẹ̀ wò. Kọ́bapẹ́ wà ní ilẹ̀ Ẹ̀gbá, lójú ọ̀nà tí ó ti Abẹ́òkúta lọ sí Ṣágámù. Bí a bá tú orúkọ náà, "kí ọba pẹ́" ni. Kọ́ńsónáǹtì mẹ́ta ni ó wà nínú rẹ̀: k, b àti p. Àṣẹ́nupè ni gbogbo wọn.

Ètè méjèèjì ni a fi ń pe b. Ẹ̀yìn ahọ́n àti àfàsé ni a fi ń pe k. Ní ti p, ètè a pàdé, ẹ̀yìn ahọ́n a sì kan àfàsé lẹ́ẹ̀kan náà. Ìdí nìyí tí àwọn onímọ̀ fi pè é ní afàfàséfètèpè àìkùnyùn. Gb ni ìkejì rẹ̀ tí ó jẹ́ akùnyùn. Kí ló wá dé tí a fi lẹ́tà méjì kọ gb, tí a sì fi ẹyọ kan kọ p?

Ọdún 1843 ni Àjàyí Crowther tẹ ìwé ọ̀rọ̀ Yorùbá rẹ̀ jáde. Ọdún 1846 ni òun àti Henry Townsend dé Abẹ́òkúta. Nígbà tí Townsend bẹ̀rẹ̀ Ìwé Ìròhìn níbẹ̀ ní 1859, gb ti wà nínú orúkọ Ẹ̀gbá tí ó wà lórí rẹ̀. Lójú tèmi, èdè fúnra rẹ̀ ni ó dáhùn ìbéèrè wa. Yorùbá ní b, ó sì ní gb: bí a kò bá ya wọn sọ́tọ̀, bá àti gbá yóò dàrú mọ́ra. Ṣùgbọ́n kò ní p tí a fi ètè nìkan pè, nítorí náà lẹ́tà p ṣófo, a sì fi iṣẹ́ fún un. Èdè Ígbò ní ìró méjèèjì, dandan ni kí ó kọ p àti kp lọ́tọ̀ọ̀tọ̀.

Ní orílẹ̀-èdè Benin, níbi tí Kétu wà, álífábẹ́ẹ̀tì tí Yorùbá àti Fọ̀n jọ ń lò ń kọ kp. Ní ìlànà tiwọn, Kɔ́bakpɛ́ ni ìlú wa yóò jẹ́.

Ìkọ̀wé méjèèjì tọ́. Ohun tí ó ń bà mí lẹ́rù ni ọmọ tí ó kọ́ kíkà Gẹ̀ẹ́sì ṣáájú, tí ó ń fi ètè nìkan pe pẹ́, pa àti ìpàdé. Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ fi ìró kọ́ ọmọ kí ẹ tó fi lẹ́tà hàn án.