Pelewura àti Ọ̀rọ̀ Gàrí l'Ékòó

Bí a bá dárúkọ ìjà àwọn obìnrin nílẹ̀ Yorùbá, Abẹ́òkúta ni gbogbo ẹnu máa ń lọ. Ó tọ́ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n èmi ọmọ ìyá oní-gàrí, tí ẹ̀yìn ìsọ̀ tọ́ dàgbà, ọ̀rọ̀ Alimotu Pelewura ni kì í kúrò lọ́kàn mi.

Ẹja ló ń tà ní ọjà Ẹrékò, l'Ékòó, bí ìyá rẹ̀ ti tà á. Mùsùlùmí ni, kò mọ̀wé. Ní àwọn ọdún 1920 ni Ẹgbẹ́ Obìnrin Ọlọ́jà Èkó fìdí múlẹ̀ lábẹ́ rẹ̀, tí olóṣèlú Herbert Macaulay sì wà lẹ́yìn wọn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fiyè sí èyí: ìjà kọ́ ló kó àwọn obìnrin wọ̀nyí jọ. Ọjà kọ̀ọ̀kan ti ní alága, ọjà ẹja, ọjà ata, ti ẹlẹ́ran, kálukú ló ní olórí tirẹ̀. Wọ́n ń dáwó, wọ́n ń parí aáwọ̀ láàárín ara wọn. Ọjọ́ tí wàhálà dé, ẹni tí wọ́n máa ránṣẹ́ pè ti wà nílẹ̀.

Lọ́dún 1940 ìjọba amúnisìn ní kí obìnrin tó bá ń rí ju £50 lọ́dún máa san owó orí. Ní ọjọ́ 16 oṣù Kejìlá, àwọn obìnrin náà ti ọjà, wọ́n rọ́ lọ bá kọmíṣọ́nnà ìjọba. Àwọn tí kò mọ̀wé fi àtàǹpàkò tẹ ìwé ẹ̀bẹ̀. Ìjọba gbé iye náà sókè sí £200, ó sì yọ ọ̀pọ̀ wọn nínú owó orí náà.

Ti gàrí ló le jù. Nígbà ogun Hitler, ìjọba gbé Kápútéènì Pullen dìde pé kó máa dá iye tí wọ́n gbọ́dọ̀ ta oúnjẹ. Iye tó dá kò tó iye tí àwọn obìnrin fi ra ọjà. Ẹni tí kò ta gàrí rí kò lè mọ ohun tó ń fa ìbínú yẹn. Alájàpá ti san owó fún ẹni tó yan án n'Íjẹ̀bú, ó ti san owó ọkọ̀, ó ti san ti alábàárù. Ìyá mi a bu gàrí sí kóńgò, a fi àtẹ́lẹwọ́ kó o jọ títí yóò fi ga, a tún fi ẹ̀kúnwọ́ kan ṣe èènì. Èrè rẹ̀ kò ju díẹ̀ tó ṣẹ́kù lẹ́yìn èènì yẹn lọ. Ta ni yóò wá jókòó sí ọ́fíìsì, tí yóò ní kó tún gé e kù?

Pullen fi £100 lóṣù lọ Pelewura pé kó ti ètò iye oúnjẹ náà lẹ́yìn. Owó ńlá ni láyé ìgbà yẹn. Ó kọ̀ ọ́. Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ kà á, orí mi wú. Ọdún 1945 ni ìjọba tó gbọ́wọ́ kúrò lórí iye gàrí, Pelewura ló sì ń darí ẹgbẹ́ náà títí ó fi jáde láyé ní 1951.